Ojú Ẹ̀yìn Lọ́rì

Lọ́dún tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí onígbèsè,
káṣẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà nílé wa ní Mákùn.
Katúùnù Amẹ́ríkà ni tèmi:
ajá tó wọ bàtà, tó sáré kọjá etí òkè,
tó ń fẹsẹ̀ wa afẹ́fẹ́ bí ẹni wa kẹ̀kẹ́,
tí kò já bọ́ àfi ìgbà tó wolẹ̀.
Ánímè Jàpáànù ni ti Múyìwá ẹ̀gbọ́n mi:
ọmọdébìnrin kan lórí òrùlé, ó dúró jẹ́ẹ́,
irun rẹ̀ nìkan ló ń mì,
òjò ń rọ̀, kò sọ̀rọ̀ títí iná fi lọ.
"Kí ló ń ṣe?"
"Ó ń ronú."
"Ṣé owó iná la fi ń ra ìrònú?"

Bàbá wa, Ọnàfowókàn, ń kun ẹ̀yìn lọ́rì
ní Sábó, níbi tí wọ́n ti ń di gbànja lọ sí Kánò.
Kìnnìún ni o, ìyá ọlọ́mọ ni o,
ojú tí Bàbá bá yà a tóbi ju imú lọ,
ó ní kí awakọ̀ tó wà lẹ́yìn lè rí i lóru.

Lọ́jọ́ kan, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nídìí ọ̀dà. Múyìwá ní
Amẹ́ríkà ti jí irun Jàpáànù gbé,
irun ṣóńṣó bí ewé ọ̀pẹ̀yìnbó,
pẹ̀lú ẹ̀kán òógùn ńlá tó ń yọ níwájú orí ẹni tójú ń tì.
Mo ní, ta ló kọ́kọ́ la irú ojú bẹ́ẹ̀ fún wọn?
(Mo ti kà á lára bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà.)
Lẹ́yìn ogun, tí wọ́n ń ṣa àfọ́kù ilé wọn jọ,
ẹranko Amẹ́ríkà ló fi ojú rogodo rẹ́rìn-ín sí wọn
nínú òkùnkùn sinimá.
Wọ́n gbé ojú náà relé. Owó ò tó.
Wọn ò lè ya ọgọ́rùn-ún àwòrán nítorí ẹ̀rín kan,
wọ́n bá jẹ́ kí ara dúró, kí ẹnu nìkan máa mì,
kí omi gbé inú ojú, kí òjò ṣe ìyókù.
Àìní di ọnà.
Amẹ́ríkà rí i, ó pọ́n ọn lá,
ó tilẹ̀ ń kó iṣẹ́ yíyà ránṣẹ́ sí wọn:
ọwọ́ Jàpáànù ń ya ajá Amẹ́ríkà fún oúnjẹ òòjọ́,
ọwọ́ kì í sì í gbàgbé.

Bàbá ò gbójú sókè, ó ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ kẹrosíìnì.
"Lọ́rì tó gbé gbànja lọ, ṣé ó ń bọ̀ lófìfo?"
Rárá. Àlùbọ́sà ni, awọ, nígbà míì àgbò méjì tínú ń bí.
"Gbànja fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé Rẹ́mọ ló dá a?"
A dákẹ́.
"Orúkọ ìlú tó ti wá ṣì wà lára rẹ̀.
Àlejò ni nígbà tí bàbá mi gbìn ín.
Ẹ lọ sọ fún ará Ṣágámù lónìí pé obì àjèjì ni,
ẹ wò ó bí wọn ò bá lé yín dé Ògèrè."
Ó nu ọwọ́. "Ọgbọ́n yíyá ò lélé lórí.
Bó bá ní ni, Ìjẹ̀bú ì bá ti ṣírò rẹ̀."

Múyìwá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Kánádà báyìí,
ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, kò sí àwòrán kankan.
Èmi ń ya tèmi lórí gíláàsì, ní yàrá ọ̀dà Bàbá:
ọmọbìnrin kan tó ru agbọ̀n gbànja ní Sábó,
ó sáré kọjá etí lọ́rì, ó ń fẹsẹ̀ wa afẹ́fẹ́,
mo bá dá a dúró síbẹ̀.
Ewé obì nìkan ló ń mì. Òjò ń rọ̀.
Kò tíì wolẹ̀.

Bàbá sún mọ́ ọn, àwọ̀n funfun lójú ara rẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò wọn ojú ọmọ náà.
"Ó kéré. Fẹ̀ ẹ́ sí i."
"Bàbá, ó ti tóbi ju imú lọ."
"Fẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú.
Èmi ni awakọ̀ tó wà lẹ́yìn."